Agbe Mẹ́rin Lẹ́yìn Odi

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, igi ọ̀pọ̀tọ́ mọ́kànlá ni wọ́n gé lẹ́yìn odi ilé-iṣẹ́ omi. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí aago mọ́kànlá fi máa lù, wọ́n ti parí.

Ìwé ìpàdé mẹ́rìnlá ló fà á. Ẹ̀dà wọn wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo ti kà wọ́n tán, mo sì ti bi àwọn tó fọwọ́ sí wọn léèrè ọ̀rọ̀.

Bàbá mi ni ìtàn yìí dá lé lórí. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ẹ jẹ́ ká ṣe àdéhùn kan. Mo mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé kì í pe bàbá rẹ̀ ní "ó". Ṣùgbọ́n nínú ìtàn yìí, "ó" ni màá pe àgbàlagbà yòówù kó jẹ́, bàbá mi náà nínú, kí ẹnikẹ́ni má baà ka ẹnì kan sí ènìyàn púpọ̀. Ojú wa ti rí tó nínú ọ̀rọ̀ àṣìkà. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, ẹnu rẹ̀ ló wà.

Onípọ́ńpù ni bàbá mi. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ omi. Ó bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń gbẹ́ ilẹ̀ fún páìpù, lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un wọ inú ilé pọ́ńpù, kò sì jáde níbẹ̀ mọ́. Aago mẹ́fà ló ń tan ẹ̀rọ. Ní ìdajì wákàtí kọ̀ọ̀kan, á wo ojú mítà, á kọ iye tó bá rí síwèé, á fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ bí ìyá ṣe ń fọwọ́ kan ọrùn ọmọ tí ara rẹ̀ ń gbóná. Ó lè jókòó sílé wa, tí ó jìnnà sí ilé-iṣẹ́ náà tó máìlì kan, kó ní, "Bẹ́líìtì yẹn ti fẹ́ já." Bẹ́líìtì yẹn á sì já. Ìyá mi a máa sọ pé, "Bí mo bá ráhùn láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní gbọ́. Bí pọ́ńpù bá wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, á fò dìde."

Kò lọ sí ilé-ìwé lọ́mọdé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni nígbà tó forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì báyìí ló kọ́ ọ. Tíṣà kọ́ ọ ní lẹ́tà, ó kọ́ ọ ní bí wọ́n ṣe ń so lẹ́tà mọ́ra. Nígbà tí ó kan àmì orí ọ̀rọ̀ àti àmì abẹ́ lẹ́tà, Tíṣà ní, "Ìyẹn ò pọn dandan fún àgbà. Ẹni tó bá gbọ́ èdè, á mọ̀ ọ́n kà." Bàbá mi gbà á gbọ́. Ó tó ẹni tí ènìyàn ń gbà gbọ́, ó ní gègé pupa lọ́wọ́.

Tíṣà yìí kan náà ló dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ènìyàn márùn-ún ni wọ́n: Tíṣà tó jẹ́ akọ̀wé àti alága lẹ́ẹ̀kan náà, Nọ́ọ̀sì, Télọ̀, Ayàwòrán, àti bàbá mi. Wọ́n fẹ́ràn ẹyẹ, ẹranko àti kòkòrò. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kọ̀ọ̀kan, wọ́n á pàdé nínú yàrá kan ní ilé-iṣẹ́ omi níbi tí wọ́n ń kó mítà àlòkù sí tẹ́lẹ̀, kálukú á sì sọ ohun tó rí láàárín ọ̀sẹ̀. Ilé-iṣẹ́ omi kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Ohun kan ṣoṣo tí wọ́n béèrè ni ẹ̀dà ìwé ìpàdé ní ìparí oṣù, kí wọ́n lè mọ ohun tí àlejò ń ṣe nínú ọgbà wọn.

Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo wà ní yunifásítì. N kò ní parọ́, ó dùn. Aga márùn-ún ló wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta àti búlọ́ọ̀kù kan. Nọ́ọ̀sì sọ nípa òwìwí tó ń gbé lórí òrùlé wọ́ọ̀dù àwọn aláboyún. Ayàwòrán gbé àwòrán ọ̀nì kan jáde, wọ́n yí i po, wọ́n wò ó títí, Télọ̀ wá bèèrè pé, "Ọ̀nì yìí, ṣé ó máa ń hu ewé léyìn?" Igi tó ṣubú sódò ni. Ẹ̀rín pa wọ́n. Ayàwòrán ní, "Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń pe okùn ní ejò láti ọdún tó kọjá!" Bàbá mi sọ nípa àkèré kan tó ti lo oṣù mọ́kànlá nínú táńkì tí wọ́n ti ń sẹ́ omi, tí ó sì máa ń jáde bí ó bá ti gbọ́ ìró bàtà òun. Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ pé: "Àkèré, ọ̀kan, ara rẹ̀ le." Òfin kan wà lára ògiri tí Tíṣà fọwọ́ ara rẹ̀ kọ: Ohun tí o kò bá fojú rí, má sọ pé o rí i.

Ẹ fi òfin yẹn sọ́kàn.

Ẹyẹ kan wà tí bàbá mi ti ń wá láti ọdún mọ́kàndínlógún. Agbe ni. Ẹ mọ̀ ọ́n nínú ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: agbe ló laró. Lórí igi ọ̀pọ̀tọ́ tó wà lẹ́yìn odi ilé-iṣẹ́ náà ló ti rí i kẹ́yìn, lọ́dún tí mo wọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an. Láti ìgbà náà, kò sí ẹni tó rí agbe ní gbogbo àdúgbò yẹn mọ́. Àwọn tó ń dẹ okùn fún ẹyẹ ti kó wọn tán, bẹ́ẹ̀ ni kálukú sọ. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá mi máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ẹ bá mi wo ọkọ mi. Ó ní orogún kan tó ń wá fún mi, aláṣọ aró."

Ní òpin oṣù Kejì, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ yí àsìkò iṣẹ́ bàbá mi padà. Ó wá di pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Pọ́ńpù kò ṣeé fi sílẹ̀ bí ó bá ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà kò lè lọ sí ìpàdé mọ́. Ó ń kọ ìròyìn rẹ̀ sórí pélébé ìwé, ó sì ń tì í sábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá ìpàdé kí wọ́n tó dé.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta, ó kọ báyìí:

"Agbe meji. Aago mefa owuro, leyin odi. E jowo e ma so fun enikeni."

Bàbá mi kọ agbe. Tíṣà gbé awò rẹ̀ wọ̀, ó sì kà á sókè fún àwọn yòókù: "Àgbẹ̀ méjì. Aago mẹ́fà òwúrọ̀, lẹ́yìn odi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Nọ́ọ̀sì ló sọ ohun tó tẹ̀ lé e fún mi. Télọ̀ àti Ayàwòrán kò sì lè jiyàn rẹ̀ nígbà tí mo bi wọ́n.

"Àgbẹ̀?" Télọ̀ ní. "Ṣé àgbẹ̀ náà ti di ẹranko ni?"

"Wọ́n ń jẹ ewé," Ayàwòrán dáhùn. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Tíṣà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ilẹ̀ ìjọba ni ẹ̀yìn odi. Àgbẹ̀ wo ló ń wọ ibẹ̀ láago mẹ́fà? Kí ló dé tí a ò gbọ́dọ̀ sọ?"

Ẹ̀rín dá. Tíṣà mú gègé, ó sì kọ ọ́ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀: "Onípọ́ńpù jábọ̀ pé òun rí àgbẹ̀ méjì lẹ́yìn odi, ó sì bẹ̀bẹ̀ pé kí a fi ṣe àṣírí." Àmì tí kò pọn dandan fún àgbà tó ń kọ́ ìwé, ó pọn dandan fún ìwé tí Tíṣà fúnra rẹ̀ ń kọ. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fọwọ́ sí i.

Ọ̀sẹ̀ kejì: "Agbe naa tun wa. Won n je eso." Ọ̀sẹ̀ kẹta: "Won ko sa fun mi mo." Ọ̀sẹ̀ karùn-ún: "Agbe ti di merin." Ọ̀sẹ̀ kẹfà, ó kọ ohun tó kó bá a. Bàbá mi kì í pe ìtẹ́ ẹyẹ ní ìtẹ́. Ilé ló ń pè é. Ó ní ẹni tó bá fi ẹnu nìkan kọ́ nǹkan tó dára tó bẹ́ẹ̀, ilé ló kọ́. Nítorí náà ó kọ ọ́ pé:

"Agbe n ko ile. Emi ni mo n pa won mo."

Tíṣà ka pé: Àgbẹ̀ ń kọ́lé. Èmi ni mo ń pa wọ́n mọ́.

"Ó ti tán," Ayàwòrán ní. "Ó ti ta ilẹ̀ fún wọn."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀," Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹ jẹ́ ká lọ wò ó. Ẹ̀yìn odi nìyí."

"Kí wọ́n wá fi àdá lé wa?" Télọ̀ bi í. "Ẹni tó ń kọ́lé sílẹ̀ onílẹ̀, ṣé ẹni tí wọ́n ń yọjú sí nìyẹn?"

Tíṣà ní kí Nọ́ọ̀sì jókòó. Nọ́ọ̀sì jókòó. Ó sọ èyí fún mi láìwo ojú mi.

Mo ti fẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n. Láti ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé dé ilẹ̀kùn kékeré tó wà lára odi, ìṣísẹ̀ igba ó lé mẹ́wàá ni. Àwọn ènìyàn yìí ti rin ìrìn wákàtí mẹ́rin nínú ẹrẹ̀ rí nítorí labalábá kan ṣoṣo. Fèrèsé yàrá wọn kọjú sí títì, ariwo pọ́ńpù sì bo igbe ẹyẹ mọ́lẹ̀. Nígbà tí pọ́ńpù bá fi máa dákẹ́ ní aago méjì, wọ́n ti wà nílé wọn, wọ́n ń jẹun ọ̀sán.

Bàbá mi kò mọ nǹkan kan. Ó rí i pé wọn kì í yà sí ilé pọ́ńpù kí òun mọ́, ó rò pé wọ́n ń bá òun pa àṣírí mọ́ ni, inú rẹ̀ sì dùn. Ní oṣù Kẹrin, ó pàdé Télọ̀ lójú ọ̀nà nígbà tó ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Nítorí pé àwọn ènìyàn ń kọjá, kò sí ẹni tó dárúkọ ohun tí wọ́n ń sọ.

"Àwọn àlejò rẹ ńkọ́?" Télọ̀ bèèrè.

"Wọ́n wà o. Ilé ti fẹ́ parí."

"Ilé ti fẹ́ parí! O ò sì lè lé wọn?"

"Kí n lé wọn kẹ̀? Ẹni tí mo ti ń retí láti ọdún mọ́kàndínlógún?"

Télọ̀ ní, "Ọdún mọ́kàndínlógún. Ó ti pẹ́ tí ẹ ti jọ wà nínú ẹ̀, nígbà náà."

"Ó ti pẹ́ o, ọ̀rẹ́ mi."

"Kí lò ń rí gbà níbẹ̀?"

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ayọ̀ ni. Kí tún ni mo fẹ́?"

"Ṣé kò sí ti àwa ọ̀rẹ́ níbẹ̀?"

"Bí àkókò bá tó, màá pè yín. Gbogbo yín lẹ máa jẹ́ ẹlẹ́rìí."

Télọ̀ lọ sọ fún Tíṣà pé Onípọ́ńpù ti fẹ́ fi àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ gbogbo ẹgbẹ́. Ó wà nínú ìwé ìpàdé, ojú ìwé kẹrìndínlógún.

Ní ọjọ́ kẹwàá oṣù Karùn-ún, pélébé ìwé náà ní: "Won ti ni omo. Meji." Tíṣà kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn àgbẹ̀ náà ti kó ìyàwó àti ọmọ wá. Ìyàwó kò sí lórí pélébé ìwé náà. Tíṣà ló fẹ́ ẹ fún wọn.

Ilé-iṣẹ́ omi ń ka ẹ̀dà. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù yẹn kan náà, wọ́n fún bàbá mi ní kúẹ̀rì. Akọ̀wé tó tẹ̀ ẹ́ kò ní àmì lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Báyìí ló kà:

"Iwadii fi han pe o gba agbe merin laaye lati ko ile si eyin odi, ati pe iwo ni o n pa won mo. Ko esi laarin wakati merinlelogun."

Ẹ wo ó dáadáa. Bàbá mi gbé ìwé yẹn wálé, ó sì fi han ìyá mi bí ẹni gba ẹ̀bùn.

"Wọ́n ti gbọ́ nípa wọn ní ọ́fíìsì," ó ní. "Wọ́n tiẹ̀ ti kà wọ́n. Mẹ́rin."

"Agbe náà ni wọ́n ń kọ̀wé lé lórí báyìí?" Ìyá mi ní. "Ìjọba tí kò ka ènìyàn, ló wá ka ẹyẹ?"

"Ṣé wọ́n ń bínú ni? Ó jọ pé wọn ò fẹ́ kí wọ́n kọ́lé síbẹ̀."

"Bẹ̀ wọ́n. Ọ̀rọ̀ ẹyẹ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpànìyàn."

Mi ò sí nílé. Mo wà ní ìlú mìíràn, mò ń gbé ìwé-ẹ̀rí kiri ọ́fíìsì tí wọn kò ti ní kí n jókòó. Ká ní mo wà níbẹ̀ ni, bóyá ìlà kan péré ni ǹ bá kọ sí i: ẹyẹ ni wọ́n. Mi ò sí níbẹ̀.

Bàbá mi kọ èsì. Ọwọ́ rẹ̀ nìyí, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò:

"Ooto ni. Emi ni mo n pa won mo. Won ko se enikeni ni ibi. Won ti bi omo meji sibe. Mo be yin, e je ki omo won dagba die, won a ko lo funra won."

Ó fọwọ́ sí i. Ó fi nọ́ńbà iṣẹ́ rẹ̀ sí i.

Lẹ́yìn tó fi èsì ránṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Òun ló ní kí ẹgbẹ́ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ta ló wá sọ fún ọ́fíìsì? Ó rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Kò rántí ẹ̀dà ìwé ìpàdé. Ta ló máa rò pé àwọn tó fi ìròyìn rere lé lọ́wọ́ ló fi ránṣẹ́ bí ẹ̀sùn? Ó wá fura sí Ayàwòrán. Ó ní Ayàwòrán ti fẹ́ wá yàwòrán wọn, pé ó ti lọ gba àṣẹ ní ọ́fíìsì. Ó ra àgádágodo tuntun, ó fi ti ilẹ̀kùn kékeré ara odi pa, ó sì so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́ bẹ́líìtì ara rẹ̀.

Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ wá dán ilẹ̀kùn náà wò ní ọjọ́ kejì. Kò ṣí. Kò bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó lọ.

Báyìí ni olúkúlùkù wọn ṣe ń fura sí ẹnì kejì, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbé ẹsẹ̀.

Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹfà bọ́ sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ ìsinmi bàbá mi. Àwọn agégi gba ìta wọlé, wọ́n wó apá kan odi. Àṣẹ tí wọ́n gbà ni pé kí wọ́n gé gbogbo igi ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ibi sá pamọ́ sí mọ́. Ọ̀gá dúró tì wọ́n pẹ̀lú ọlọ́pàá méjì tó wá mú àwọn àgbẹ̀. Wọn kò rí ebè. Wọn kò rí ọkọ́. Wọn kò rí ilé, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò rí ìyàwó tí Tíṣà fún wọn.

Ẹni tó ní làákàyè á ti bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan lórí ilẹ̀ tó ṣófo yẹn. Ọ̀gá kọ ọ́ sínú ìjábọ̀ rẹ̀ pé Onípọ́ńpù ti ta àwọn àgbẹ̀ náà lólobó, wọ́n sì ti sá. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ ilé pọ́ńpù lọ́wọ́ bàbá mi. Ó ku ọdún kan àbọ̀ kó fẹ̀yìn tì.

Kò sọ nǹkan kan nípa iṣẹ́. Ó gba ibi odi tó wó kọjá, ó lọ síbi tí igi ti ṣubú. Ó rí ilé náà. Ó rí àwọn ọmọ méjèèjì. Wọn kò tíì lè fò.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e, ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tó mọ́, ó sì lọ sí ìpàdé. Ọjọ́ kìíní tí yóò wọ yàrá yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́rìnlá nìyẹn. Báàgì Ayàwòrán wà lórí aga rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbé e kúrò. Ó dúró.

"A ò retí rẹ," Tíṣà ní.

"Mo mọ̀, sà. Ìròyìn mi ni mo mú wá. Ti ọ̀sẹ̀ yìí."

"Ìròyìn wo tún ni?" Télọ̀ bèèrè. "Ṣé o ò ní fi wá lọ́rùn sílẹ̀ ni?"

"Agbe mẹ́rin," bàbá mi ní. "Mi ò rí wọn mọ́. Ọmọ méjì kú."

Nọ́ọ̀sì gbé orí sókè. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ."

"Mo ní agbe mẹ́rin."

"Agbe? Agbe ẹyẹ?"

"Agbe mìíràn wo ló tún wà?"

Ó mú àpò ìwé kan jáde láti inú àpò aṣọ rẹ̀, ó sì da ohun tó wà nínú rẹ̀ sórí ìwé ìpàdé tó ṣí sílẹ̀. Ìyẹ́ kan ni. Nọ́ọ̀sì ní aró ara rẹ̀ pọ̀ débi pé ìwé funfun yẹn dà bí ohun tó dọ̀tí.

Télọ̀ gbé ọwọ́ méjèèjì lórí. "Yéè! Èmi ni mo ní kí lo ń rí gbà!"

"Agbe!" Ayàwòrán ní. "Lẹ́yìn odi yìí, fún oṣù mẹ́ta! Tí mi ò sì ya ẹyọ kan!"

Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn. Mo bi í lẹ́ẹ̀mejì bóyá lóòótọ́ ló sọ ọ́. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni.

Tíṣà kò fọwọ́ kan ìyẹ́ náà. Ó gbé awò kúrò lójú, ó nù ún, ó tún gbé e wọ̀. Ó ní, "O kò fi àmì sí i."

"Ẹ̀yin lẹ ní kò pọn dandan, sà."

"Ìyẹn ti pẹ́. Bí o bá tiẹ̀ ti kọ 'ẹyẹ' ṣáájú rẹ̀..."

"Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń jábọ̀ nínú yàrá yìí, Tíṣà," bàbá mi ní. "Ìgbà wo ni mo jábọ̀ ènìyàn rí?"

Kò tíì sí ẹni tó dáhùn di òní.

Ohun tó bèèrè lọ́wọ́ wọn kéré. Ó ní kí wọ́n kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ omi pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe àgbẹ̀. Tíṣà ní kí wọ́n rò ó wò ná. Ó ní bí wọ́n bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ á bèèrè ẹni tó jẹ̀bi igi mọ́kànlá, wọ́n á sì gba yàrá náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Ó ní ẹgbẹ́ ju ẹnì kan lọ. Ayàwòrán gbà pẹ̀lú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì dìde, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, ìlà kan:

"Agbe ni ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìròyìn Onípọ́ńpù, ẹyẹ ni, kì í ṣe àgbẹ̀, àwa ni a ṣì í kà."

Ó fọwọ́ sí i. Télọ̀ náà fọwọ́ sí i, omi sì wà lójú rẹ̀. Bàbá mi gbé ìwé náà wálé; èmi náà ti padà sílé nígbà tí mo gbọ́ pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Télọ̀ wá sílé wa, ó ní kí n gbé ìwé náà wá kí òun tún un wò. Mo gbé e fún un. Ó fa igi gba orí orúkọ ara rẹ̀ kọjá. Òun ló ń rán aṣọ iṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ omi. Bàbá mi wà níbẹ̀, ó ń wò ó. Ó ní, "Kò burú, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé kí wọ́n bu omi fún ọ?" Èmi kò bu omi fún un.

Mo gbé ìwé náà lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá. Ó kà á. Ó ní ènìyàn mẹ́rin ló fọwọ́ sí ìwé ìpàdé, ènìyàn mẹ́rin náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí àtúnṣe rẹ̀, orúkọ kan kò tó. Ó dá a padà fún mi. Ààyè mẹ́ta ló ṣófo lórí rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, ọ̀kan nínú wọn ní igi tó gba orí orúkọ kọjá. Ẹgbẹ́ ṣì ń pàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Mo gbọ́ pé Ayàwòrán ti rí ọ̀gà méjì. Òfin ṣì wà lára ògiri.

Pọ́ńpù ilé onílé ni bàbá mi ń tún ṣe káàkiri báyìí, bí wọ́n bá pè é. Bí wọn kò bá pè é, á jókòó sẹ́yìn ilé. Ní oṣù tó kọjá, ó ní kí n jókòó ti òun. Ó gbé ìwé àti gègé wá. Ó ní kí n kọ́ òun ní àmì.

Kò tó wákàtí kan. Mo kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sílẹ̀ fún un, ọ̀kan lábẹ́ èkejì: agbe, agbè, àgbẹ̀. Ẹyẹ, ohun ìpọnmi, ènìyàn. Ó fi ìka tẹ̀ lé wọn, ó ń pè wọ́n lábẹ́ ètè. Ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó tẹ gègé mọ́ ìwé tó bẹ́ẹ̀ tí àmì fi lu ìwé já.

"Ṣé ìyẹn nìkan ni?" ó bi mí.

"Ìyẹn nìkan ni, sà."

"Ó mà kéré o," ó ní.

Ìwọ tí ò ń ka èyí, ìwọ náà ti fọwọ́ sí ìwé kan rí nípa ẹni tí kò sí ní ìjókòó. Wọ́n kà á fún ọ, o mi orí, o kọ orúkọ rẹ sílẹ̀. Má sọ fún mi pé kì í ṣe ìwọ lo kọ ọ́. Dìde. Wá ìwé náà rí. Gbé e lọ síwájú ẹni tí ó dá lé lórí, kí o kà á sí i létí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí o sì bi í pé ṣé ohun tí ó sọ nìyí. Bí ó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, kọ àtúnṣe rẹ̀ kí o tó kúrò níwájú rẹ̀. Fọwọ́ sí i. Má sì pa orúkọ rẹ rẹ́ nírọ̀lẹ́.